Ẹ̀yìn Etí Tó Ń Bó: Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ń Fa Gbogbo Rẹ̀

Lórí òkè tiwa níhìn-ín, láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wá sí Ìdó-Ilé, títí dé Àràmọ̀kọ àti Ìjerò, kò sí ẹni tó ń kéde ọyẹ́ fún wa. Ara ló ń sọ ọ́. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á sán, bí èèyàn bá fi èékánná fa apá rẹ̀, ilà funfun á yọ bí ẹni pé ẹfun ni a fi kọ ọ́. Ohun tí a ń ṣe sí i kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni: òrí láàárọ̀, òrí lálẹ́, títí òjò àkọ́kọ́ á fi rọ̀.

Ẹ̀yìn etí àǹtí mi àgbà kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Nínú ọyẹ́, ó ń bó. Nínú oṣù Agẹmọ tí gbogbo ilẹ̀ rin gbingbin, ó ń bó. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń fi òrí pa á. Ní ọjọ́ kan tó jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó ká gèlè kúrò létí, ó ní kí n bá òun wò ó dáadáa, nítorí ojú òun kò lè dé ibẹ̀. Mo tẹ etí náà síwájú díẹ̀. Ní kòrò tí etí ti pàdé orí, ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti gààrí lẹ̀ mọ́ awọ bí ẹ̀kọ tó gbẹ sí etí ìkòkò. Mo fi ìka kàn án. Ó ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja kékeré, awọ abẹ́ rẹ̀ sì ti ṣí àwọ̀, kò dúdú tó ti ọrùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo wo ìka mi, ó ń dán. Bẹ́ẹ̀, ó ti wẹ̀, kò sì tíì fi òrí kankan pa ara láti àná. Òróró ara rẹ̀ ni. Ibi tí gbogbo wa ti ń pè ní ibi gbígbẹ láti ọdún mẹ́ta, òróró ló kún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, nítorí àwọn tí mo rí tó ń jìyà rẹ̀ lọ́nà kan náà kò níye.

Bí awọ ṣe ń pààrọ̀ ara rẹ̀

Ẹni tó bá ní oko kòkó mọ̀ pé ewé kì í dẹ́kun àtibọ́. Lójoojúmọ́ ni igi ń já ewé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kà á sí, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ́, wọ́n sì ń jẹrà níbi tí wọ́n bọ́ sí. Bí gbogbo igi bá já ewé wọn lọ́jọ́ kan náà, ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀ dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara. Láti ìsàlẹ̀ ni awọ tuntun ti ń hù, tí ó ń ti èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ sókè, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó dé òkè pátápátá kó sì bọ́ dànù. Èyí tó ń bọ́ yìí kéré débi pé ojú kì í rí i; inú omi ìwẹ̀ àti ara aṣọ ló ń bá lọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ń da awọ láàmú, tí ó wá ń hù ní ìkánjú, èyí tó ń bọ́ á lẹ̀ pọ̀ di ìdìpọ̀, ojú á sì rí i. Ohun funfun tí à ń wò nìyẹn. Àmì ni. Nǹkan tó sì lè mú un wá pọ̀, méjì nínú wọn ló wọ́pọ̀ jù létí.

Àkọ́kọ́ ni gbígbẹ tòótọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fa omi kúrò lára, òróró tó yẹ kó ká omi náà mọ́ kò tó. Èyí máa ń rí bí ìyẹ̀fun, ó funfun, ó fúyẹ́, kì í sì í mú etí nìkan. Ojúgun àti apá ló máa ń ti kọ́kọ́ hàn, nítorí pé ibẹ̀ ni òróró ara kéré sí. Bí a bá fi òrí pa á, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti tán.

Èkejì ni ti àǹtí mi. Àwọn dókítà ń pè é ní seborrheic dermatitis. Kò ní orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo tí gbogbo wa fẹnu kò sí, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ àbúrò rẹ̀: dándíróọ̀fù, ohun funfun tó máa ń gbọ̀n sí èjìká ẹni bí eérú nígbà tí a bá ń ya irun. Àìsàn kan náà ni wọ́n. Bó bá mọ sí agbárí, tí kò sì wú, dándíróọ̀fù ni. Bó bá sọ̀kalẹ̀ wá sí etí àti ojú, tí ó ń yún, tí awọ ibẹ̀ sì ń ṣí àwọ̀, orúkọ ńlá yẹn ni wọ́n ń fún un.

Ibi tó máa ń yàn láti jókòó sí ni yóò tú àṣírí rẹ̀ fún yín. Ẹ mú dígí, ẹ wo ẹ̀yìn etí àti kòrò inú rẹ̀, kí ẹ wo etí irun níwájú orí, kí ẹ wo irun ìpéǹpéjú òkè, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ imú níbi tó ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin, ẹ wo abẹ́ irùngbọ̀n àti àárín àyà. Bí ẹ bá rí i ní méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ibi wọ̀nyí, tí ojúgun yín sì ń dán, ọyẹ́ kọ́.

Ohun tó ń gbé nídìí òróró

Ẹni tó bá ti dé Ìkógòsì, tí kò jìnnà sí wa nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ti rí bí omi ṣe ń sun láti inú ilẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, tí wọ́n sì pàdé. Awọ ara náà ní ìsun tirẹ̀, òróró ló sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ìsun wọ̀nyí kò pín dọ́gba. Ó ṣọ̀wọ́n lójúgun, kò sí rárá ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ bí ìràwọ̀ lágbárí, lójú, lẹ́yìn etí àti láyà. Ẹ ó rí i pé ibi tí ìsun òróró pọ̀ sí gan-an ni àìsàn yìí ń gbé.

Níbi tí oúnjẹ bá wà, ẹni tó ń jẹ ẹ́ á wá. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí òróró ara wa jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹbí ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú ni, ìbátan ohun tó ń mú kí ẹmu hó nínú akèrègbè. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Charles Malassez, ló ṣàkíyèsí rẹ̀ lára èépá orí ní ọdún 1874. Ní 1887, dókítà ará Jámánì kan, Paul Gerson Unna, ṣàpèjúwe àìsàn awọ náà fúnra rẹ̀, nígbà tó sì di 1889, wọ́n fi orúkọ Malassez sọ kòkòrò náà: Malassezia.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi jiyàn lé e lórí lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ní òun ló ń fa àìsàn. Àwọn mìíràn ní àlejò lásán ni, pé ibi tí awọ ti ń bó ló wá jókòó sí. Ohun tó dá ẹjọ́ náà ni oògùn. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ Janssen ní Belgium ṣàwárí ketoconazole, oògùn tó ń pa ẹbí ìwúkàrà àti olú. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti ń lò ó fún aráyé. Wọ́n rí i pé bí kòkòrò náà bá ti dín kù, bíbó náà á dín kù. Bó bá tún pọ̀, bíbó á padà.

Ohun tí kòkòrò yìí ń ṣe kò ṣòro láti lóye. Kò lè ṣe ọ̀rá fúnra rẹ̀, nítorí náà, ó ń gé òróró wa sí wẹ́wẹ́, ó ń mu èyí tó wù ú, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Nínú ìyókù yìí ni ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní oleic wà. Awọ ẹlòmíràn kò kà á sí. Awọ ẹlòmíràn, bí ó bá ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í yún, á sì máa hù ní ìkánjú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá méjì fi lè jọ sùn lórí ibùsùn kan, kí wọ́n jọ lo ọṣẹ kan, kí ọ̀kan máa họ etí, kí etí èkejì máa dán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó ṣe kedere, nítorí ó ti da àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn rú: kò sí ẹni tí kòkòrò yìí kò sí lára rẹ̀. Kì í ràn. Ẹ kò lè kó o lára gèlè, fìlà, kóòmù tàbí ìrọ̀rí ẹlòmíràn. Kì í sì í ṣe ọ̀bùn ló ń fà á. Mo mọ obìnrin kan tó jẹ́ pé nítorí ìtìjú, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń fi kànìnkànìn bó ẹ̀yìn etí rẹ̀, títí ibẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó mọ́ ju gbogbo wa lọ, etí rẹ̀ sì ń bó.

Kí ló dé tí òrí kò fi ràn án

Mi ò ní sọ̀rọ̀ òrí láìdáa. Kò sí ohun tó dára tó o fún gìgísẹ̀ tó sán àti fún awọ tí ọyẹ́ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n òrí, bó ṣe ń yọ́ lọ́wọ́ wa yẹn, ọ̀rá ni, ásíìdì oleic tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àdí náà ní ọ̀rá tí kòkòrò yìí lè jẹ, òróró ólífì tí àwọn kan ń rà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ní in. Ẹni tó bá ń fi wọ́n pa etí tó ní seborrheic dermatitis láràárọ̀ ń gbé oúnjẹ sí iwájú àlejò tó fẹ́ kó lọ.

Ìdí tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀ ni pé òrí máa ń tan ni jẹ. Bí a bá ti fi pa á, èépá náà á rọ̀, á lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní funfun mọ́. Ojú á rí i pé ó ti san. Ní ọ̀túnla, ó ti nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àǹtí mi wá ń fi kún un.

Ọ̀nà kan wà tí òróró fi wúlò níbẹ̀, ìyẹn láti fi rọ èépá tó ti le. A óò fi pa á, a óò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a óò sì fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá. Báyìí ni a ṣe ń tọ́jú orí ọmọ tuntun tí nǹkan pupa-rúsúrúsú bò bí èépá igi. Ọ̀pọ̀ ìyá ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn ìyá àgbà míì sì ń fi èékánná họ ọ́ kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má họ ọ́. Họ́mọ́ọ̀nù tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ ló jí ìsun òróró orí rẹ̀, kì í dun ọmọ, kì í sábà yún un, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì máa ń tán fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Òróró díẹ̀, omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ọmọdé, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ó tán.

Àwọn tó jọ ọ́, tí kì í ṣe òun

Bó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n lu létí nìkan ló ń yún, tó ń sun omi, tó sì ń bó, ẹ bọ́ yẹtí kí ẹ tó ra oògùn. Ọ̀pọ̀ yẹtí olówó pọ́ọ́kú ní nickel nínú. Bí ara bá ti kọ nickel lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà gbà á mọ́ láyé. Èyí tó ń dán bíi góòlù tún lè jẹ́ pé òde ara rẹ̀ lásán ni góòlù wà, tó bá ṣí tán, nickel abẹ́ rẹ̀ á fara kan ẹran ara. Ẹni tí irin bẹ́líìtì ń yún nísàlẹ̀ ìdodo, tí ìdè aago ń yún lọ́rùn ọwọ́, òun náà ni. Nǹkan yìí pọ̀ débi pé ní 1994, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin tó dín nickel kù nínú ohun tó ń fara kan awọ ènìyàn. Mo máa ń rántí pé àwọn ìyá wa, lẹ́yìn tí wọ́n bá lu etí ọmọ tán, òwú ni wọ́n ń fi sí ihò náà, tàbí igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n gé kékeré. Òwú kì í ní nickel. Bí yẹtí bá ṣe é fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ibẹ̀ sì jiná, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Dáì irun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú tí wọ́n ń pè ní PPD. Ó lè má ṣe èèyàn ní nǹkan kan fún ọdún mẹ́wàá, kí ara wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tí wọ́n pa á, òkè etí àti ẹ̀yìn rẹ̀ á wú, á sun omi, ojú pàápàá lè wú dí. Ẹni tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ fi dáì náà kan orí mọ́, kì báà ṣe ọjọ́ ìnáwó.

Làpálàpá ní tirẹ̀ máa ń yí po, etí rẹ̀ á ga, àárín rẹ̀ á fẹ́ máa jiná. Lórí ọmọdé, irun ibẹ̀ á gé kúrú tàbí kó já; èyí kò gbọ́ kírìmù, oògùn gbígbé mì láti ọwọ́ dókítà ló ń kápá rẹ̀. Psoriasis nípọn ju gbogbo wọn lọ, èépá rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ó sì sábà máa ń wà ní ìgúnpá àti orúnkún pẹ̀lú.

Èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wa jù ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Lára awọ dúdú, seborrheic dermatitis kì í sábà pọ́n bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé àwọn òyìnbó. Ó máa ń ṣí àwọ̀ ni. Ojú ibẹ̀ á mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, nígbà míì á yí po bí òdòdó. Ẹnìkan á wò ó, á sì sọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dẹ́kun lílọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ wọn: àpá ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún, kì í bó bí ìpẹ́, ibẹ̀ sì máa ń kú tipiri, bí ẹ bá fi òwú tàbí ìyẹ́ kàn án, ẹni náà kò ní mọ̀. Ti dándíróọ̀fù ń yún, ó sì ń mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ tó ṣí náà á padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan tí bíbó bá ti dúró. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ kú tipiri lóòótọ́, ẹ má fi pamọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Láti 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń pèsè oògùn ẹ̀tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń wò ó sàn.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ óò dáwọ́ rẹ̀ dúró. Òrí, àdí àti ìpara irun tó ní ọ̀rá kò gbọdọ̀ dé etí àti ìdí irun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Omi gbígbóná janjan náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ ibi tó ń yún ni fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yíyún á le sí i. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló tọ́. Ní ti ọṣẹ dúdú, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n omi eérú èèpo kòkó ló mú un jẹ́ ọṣẹ, omi eérú sì le lára. Awọ tí ara rẹ̀ yá lè gbà á. Awọ tó ti ń bó á tún máa ta á ni.

Oògùn àkọ́kọ́ ni ṣáḿpù tó ní ketoconazole, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wà ní kẹ́míìsì. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a ń lò ó bí ọṣẹ: a bu ú, a fọ̀ ọ́, a da omi sí i, ó parí. Oògùn ni, ó fẹ́ àkókò. Ẹ rẹ irun, ẹ fi ṣáḿpù náà ra agbárí títí yóò fi hó, ẹ fi ìfóòfó rẹ̀ ra ẹ̀yìn etí, kòrò òde etí, irun ojú àti ẹ̀gbẹ́ imú, kí ẹ má jẹ́ kó wọ ojú. Kí ẹ wá dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko kí ẹ tó ṣàn án kúrò. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ṣáḿpù tó ní selenium sulfide tàbí zinc pyrithione náà ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀yin obìnrin, mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí á bà yín nínú jẹ́. Irun wa kò fẹ́ omi púpọ̀, ó máa ń gbẹ, ó sì ń já. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà awọ máa ń fàyè gbà fún irú irun tiwa, kí a sì fi ìpara ra ìdajì irun sí ìsàlẹ̀, kó má dé agbárí. Ẹni tó bá di irun sí oṣù méjì, pẹ̀lú àtáṣímẹ́ẹ̀tì, kò ní lè tọ́jú agbárí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń bó á máa kóra jọ lábẹ́ rẹ̀. Fún oṣù tí ìtọ́jú ń lọ, ẹ tú irun.

Bí etí kò bá gbọ́ ti ṣáḿpù nìkan, kírìmù ketoconazole tàbí clotrimazole wà. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń fi pa á, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí ó bá ń yún jù, hydrocortisone tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lè bá a mu fún ọjọ́ mélòó kan, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìjẹ́ pé dókítà wò ó. Ketoconazole oníhóró kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún àwọn kan, ní 2013 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù ní kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín nítorí etí tó ń bó, ẹ dá a padà.

Kírìmù tó ń ṣiṣẹ́ jù

Èyí ló ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àǹtí mi rí i pé òrí kò ṣe é, ẹnì kan tó ń ta oògùn fún un ní kírìmù oní-oògùn mẹ́ta, irú èyí tí betamethasone wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn olú àti oògùn kòkòrò mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, etí rẹ̀ ti dán. Ó yin ẹni náà títí. Ìgbà tó fi í sílẹ̀, àìsàn náà padà pẹ̀lú ìbínú, ó tún fi pa á, ó tún dán. Bí oṣù mẹ́rin ṣe kọjá nìyẹn, títí awọ ibẹ̀ fi tínrín bí ewé àlùbọ́sà, tí iṣan sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀.

Betamethasone àti clobetasol lágbára gan-an. Wọ́n ní ibi tí wọ́n wúlò, lábẹ́ ojú dókítà. Awọ ojú àti etí tínrín, oògùn ń wọ inú rẹ̀ ju bó ṣe ń wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ fíìfíì, nítorí náà ni ìpalára fi ń yá níbẹ̀. Àwọn oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń bù sínú ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra, ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Mercy Olumide, onímọ̀ awọ, kọ odindi ìwé lé lórí ní 2016. Ẹ ka ohun tó wà lára páálí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì yìí, tí kò sì sí dókítà tó kọ ọ́ fún yín, ẹ má fi kan etí.

Inú ihò etí

Bí yíyún bá wọ inú ihò etí lọ, ọwọ́ kì í gbélẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ, ìdérí bírò, kọ́kọ́rọ́, igi ìṣáná, mo ti rí gbogbo rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ń dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n awọ inú ihò yẹn tínrín, bó bá ti bó, kòkòrò á wọlé, etí á máa ro, á sì máa sun omi. Ẹ má da àdí gbígbóná síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìlù etí bá ti lu tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, inú lọ́hùn-ún ni òróró náà ń lọ. Oògùn kíkán ni inú etí ń fẹ́, ẹni tó bá fi iná wo inú rẹ̀ ló sì lè yan èyí tó tọ́.

Kí ló dé tó fi ń padà wá

Ìbéèrè yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa sọ fún wọn pé ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. Ó san, ó padà. Ó san, ó padà. Ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bani. Ṣùgbọ́n ẹ wo oko. Kò sí àgbẹ̀ tó ro oko kòkó lẹ́ẹ̀kan tó wá ní kí koríko má hù mọ́. Koríko ní gbòǹgbò nílẹ̀ náà, ilẹ̀ náà sì lọ́ràá. Malassezia ń gbé lára wa láti kékeré, ìsun òróró kì í sì í gbẹ. Ohun tí oògùn ń ṣe ni kó dín wọn kù débi tí awọ yóò fi sinmi. Nítorí náà, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́, ẹ má ju ìgò ṣáḿpù nù: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, ẹ máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tó máa ń le sí i: nínú ọyẹ́, nígbà tí èèyàn kò bá rí oorun sùn, nígbà ìrònú tàbí ọ̀fọ̀, lẹ́yìn àìsàn. Ó tún wọ́pọ̀ lára ẹni tó ní àrùn Parkinson. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ lójijì, tó bo ojú àti àyà, tí kò gbọ́ oògùn rárá, ó dára kí èèyàn ṣe àyẹ̀wò HIV, nítorí ó máa ń le lára ẹni tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀ tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mo ní àyẹ̀wò. Ẹ má fi etí tó ń bó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní in kò ní HIV.

Ẹni tó bá ti lo ṣáḿpù bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò sàn, tàbí tí ibẹ̀ ń sun ọyún, tó wú, tó ń dunni, tàbí tí etí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Láti ìlú wa, àwọn dókítà lè darí èèyàn sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Kí àlejò má ṣì í o: Ìdó tiwa, Ìdó-Ilé, yàtọ̀ sí Ìdó yẹn. Mo ti rí ẹni tó wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa tó ń béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn náà.

Àǹtí mi kò lo kírìmù kankan mọ́. Ó gba oṣù mélòó kan kí awọ ibẹ̀ tó nípọn padà, àwọ̀ rẹ̀ sì ti dọ́gba pẹ̀lú ọrùn. Lójú fèrèsé yàrá rẹ̀, igbá òrí àti ìgò ṣáḿpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òrí fún gìgísẹ̀, ìgò fún etí, Sátidé kan bẹ́ẹ̀, Sátidé kan rárá. Ní oṣù Ọ̀pẹ, ó ké sí mi pé ó tún ti ń yún òun. Mo bi í ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun lọ sìnkú ní Òkèmẹ̀sí, òun lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, òun kò mú ìgò dání. Ó ti ń tú gèlè bó ṣe ń sọ ọ́, ó ní kí n bá òun bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá.